Ilé ayálégbé ní Òṣogbo: ibo lèèyàn ti lè ṣọ́wó ná, ibo ni kò yẹ kó ti ṣọ́ ọ?

Adùkẹ́_Òròkí

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará Òròkí. Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Èmi àti ọkọ mi ti ra pulọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, lápá Òkè-Báálẹ̀, níbi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé UNIOSUN. Owó tá a ti kó jọ nínú kọpurétíìfù jẹ́ ₦9,500,000. Self-contain mẹ́fà la fẹ́ kọ́, ìyẹn yàrá kọ̀ọ̀kan tó ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀, ká máa gbowó ilé lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo bíríkìlà tá a pè ló ní owó náà ò lè parí mẹ́fà lásìkò tá a wà yìí. Báńkì kan wá ní òun á yá wa ní ₦6,000,000. Ọkọ mi ní ká gbà á, ká parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí símẹ́ǹtì ò ní dúró dè wá. Ọkàn tèmi ò gbà á.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Àbẹ̀rẹ̀ lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Owó oṣù la gbójú lé. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́lé fún ayálégbé, ibo lẹ ti dín owó kù tí ilé ò sì dojú tì yín? Ibo sì ni kò yẹ kéèyàn ti ṣọ́wó ná rárá?

Oníṣirò_Owó

Ẹ ǹlẹ́ mà. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé báńkì, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó. Lóṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, orí ẹ̀ sì làwọn báńkì yòókù máa ń gbé tiwọn lé. Ká fi tiyín sí 28. Èlé ọdún kan lórí ₦6,000,000 jẹ́ ₦1,680,000. Ká tún ní yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rí ayálégbé lọ́jọ́ tí ẹ kun ọ̀dà tán, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san ₦250,000 lọ́dún. ₦1,500,000 nìyẹn. Owó ilé gbogbo yàrá ò tíì tó èlé, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì fọwọ́ kan ojú owó. Owó oṣù yín ni báńkì á máa jẹ, ilé á sì máa wò yín.

Mo mọ̀ pé bí ojú owó ṣe ń relẹ̀ ni èlé ń relẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún àkọ́kọ́ ni ilé tuntun máa ń béèrè nǹkan jù: mítà, géètì, ẹ̀rọ omi, ohun tí ẹ rò pé ẹ ti parí tí ẹ ò tíì parí. Gbogbo ọgbọ́n tí bíríkìlà máa kọ́ yín lónìí, ẹ̀yáwó yìí nìkan lè gbé e mì. Ẹ má gbà á.

Nǹkan mìíràn rèé. Ẹ bi ọkọ yín bóyá wọ́n ń yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ fún NHF, ìyẹn àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá ń dá owó yẹn lè yáwó lọ́dọ̀ Federal Mortgage Bank ní èlé 6 nínú ọgọ́rùn-ún, sísan rẹ̀ sì lè gùn tó 30 ọdún. Ilé téèyàn fúnra rẹ̀ máa gbé ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, kì í ṣe ilé ayálégbé. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin náà bá ṣì ń gbé ilé onílé, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fún ìyẹn kí ẹ fi kọ́ tiyín, kí owó kọpurétíìfù wà fún ti ayálégbé.

Bíríkìlà_Àgbà

Ẹ kú ọgbọ́n, Oníṣirò. Màmá Adùkẹ́, iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ni mò ń ṣe ní Òṣogbo yìí, ó ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń dín owó tó máa ń padà di ọ̀fọ̀ fún wọn.

Búlọ́ọ̀kù oní-íńṣì 9 tó dáa, àpò símẹ́ǹtì kan ò yẹ kó yọ ju bíi 30 lọ. Àwọn kan ń yọ 45 nínú àpò kan, wọ́n á wá tà á ní pọ́ọ́kú. Ẹ gbé irú ẹ̀ dé orúnkún, ẹ jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin náà á rí ohun tí ẹ rà. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ń fi omi rin ín fún bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́. Èyí tí wọ́n yọ lánàá tí wọ́n fẹ́ kó wá lọ́la, ẹ dá a padà.

Irin náà ńkọ́? Ọ̀pá irin 12mm tó péye, tó gùn ní mítà 12, máa ń wọ̀n tó kílò 10.6. Ìyẹn ni pé bíi 94 ló máa wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Bí oníṣòwò bá ka 105 fún yín, tó ní tọ́ọ̀nù kan náà ni, ẹ má dúpẹ́. Irin náà ló tín-ín-rín. Kò sí ayálégbé tó máa rí i lójú, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa sùn.

Inú àwòrán ilé gan-an lowó téèyàn lè dín kù pọ̀ sí. Ògiri kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó ga ní 10, ń jẹ tó búlọ́ọ̀kù 110, láìka símẹ́ǹtì tí wọ́n á fi rẹ́ ẹ lójú méjèèjì. Bí yàrá méjì bá lo ògiri kan náà, ẹ ti dín gbogbo ìyẹn kù, ilé ò sì ní mọ̀. Nítorí náà, ẹ tò wọ́n mọ́ra, ẹ má fọ́n wọn káàkiri pulọ́ọ̀tì. Òrùlé ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì lásán ni kí ẹ ṣe. Òrùlé olóríṣiríṣi igun tí gbogbo èèyàn ń yà lórí fóònù báyìí, àti èyí tí wọ́n ń fi ògiri yí orí ẹ̀ ká kí páànù má hàn, igi ló ń jẹ, páànù ló ń jẹ, ibi tí omi ń gbà wọlé ló sì pọ̀ jù. Mo ti tún irú ẹ̀ ṣe títí ó fi sú mi.

Igi òrùlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi oògùn ikán kùn ún kó tó gòkè. Ìgbà tó bá ti gòkè, ó ti pẹ́ jù.

Pulọ́ńbà_Sábó

Mo fara mọ́ Bíríkìlà. Ẹ jẹ́ kí ilé ìwẹ̀ yàrá méjì kọ ẹ̀yìn síra, kí ilé ìdáná wọn náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Páìpù kan náà á gbé omi wá fún méjèèjì, páìpù kan náà á gbé ìdọ̀tí lọ. Àwòrán tí ilé ìwẹ̀ wà níwájú fún yàrá kan, tó wà lẹ́yìn fún èkejì, èmi ni wọ́n ń kọ́lé fún, kì í ṣe onílé.

Bàbá_Ayétòrò

Ọmọ mi Adùkẹ́, má kọ́ mẹ́fà. Ní kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ mẹ́rin, kí o parí méjì pátápátá, kí èèyàn wọlé, kí owó wọn máa bá ẹ gbé méjì tó kù dìde. Ọkọ rẹ máa ní símẹ́ǹtì á ti gbówó lórí nígbà náà. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́fà tó dúró láìlórùlé fún ọdún mẹ́ta náà ń jẹ owó. Òjò á máa fọ ògiri, irin tó yọ sókè á dípẹtà, igi á hù nínú yàrá, àwọn kan á sì máa wá yọ búlọ́ọ̀kù lálẹ́. Yàrá méjì tó ti ń pawó sàn ju mẹ́fà tó ń retí òrùlé.

Ohun tó ń wọ́n onílé lọ́rùn jù ni yàrá tó ṣófo. A kì í rí i, torí kò sẹ́ni tó ń mú rísíìtì ẹ̀ wá. Bí ayálégbé rere bá wà nínú ilé rẹ, tó ń san owó lásìkò, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, má torí àfikún ₦40,000 lé e jáde. Yàrá ₦250,000 tó ṣófo fún oṣù mẹ́rin ti gba ₦83,000 lọ́wọ́ rẹ. Àfikún rẹ yẹn á lò ju ọdún méjì lọ kó tó dí i. Kí o tún wá kun ọ̀dà, kí o pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, kí ejẹ́ńtì tún mú èèyàn wá wò ó. Kí ló kù níbẹ̀?

Má sì fi ilé náà fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Lóṣù kẹta ọdún 2020 tí ìjọba ti ilé ìwé pa nítorí Kòrónà, ilé àwọn onílé tí kò ní ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ dákẹ́ lọ gbáà. Lọ́dọ̀ tèmi, nọ́ọ̀sì méjì àti olùkọ́ kan wà níbẹ̀, owó ń wọlé. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, o mọ iye àwọn tó ń wá yàrá nítòsí ibi iṣẹ́. Máa gba tọ̀túntòsì.

Ọmọ_Ìgbóǹná

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Ilẹ̀ Òṣogbo ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Kí ló dé tí wọn ò fi ní gbé e sókè? Kí wọ́n da ìpìlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ báyìí, kí wọ́n fi ilé ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣe ọdún mélòó kan, wọ́n á gbé dẹ́kìn lé e. Ilẹ̀ kan náà, yàrá ìlọ́po méjì.

Bíríkìlà_Àgbà

Àbúrò, èrò rẹ ò burú, mo sì ti bá èèyàn ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà ló gbọ́dọ̀ yẹ ilẹ̀ náà wò, kó ya òpó àti irin ẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Owó ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó lè gbé apá ńlá nínú mílíọ̀nù 9 àbọ̀ wọn wọlẹ̀ kí ògiri kankan tó yọ. Nínú owó tí wọ́n sọ yìí, èmi ò ní gbà wọ́n nímọ̀ràn ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ibí gbọ́ ni pé ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ kò ní gbé dẹ́kìn lọ́jọ́ iwájú. Ẹnikẹ́ni tó bá ní á gbé e, ẹ̀mí ayálégbé ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Lọ́yà_Tiwa

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Màmá Adùkẹ́, ẹ ní ẹ ti ra ilẹ̀. Ìwé wo ló wà lọ́wọ́ yín?

Adùkẹ́_Òròkí

Rísíìtì ni, sà, àti ìwé àdéhùn tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí tó tà á buwọ́ lù. A ò tíì ya sàfẹ́. A ní ká fi owó ẹ̀ ra búlọ́ọ̀kù ná.

Lọ́yà_Tiwa

Ẹ dáwọ́ búlọ́ọ̀kù dúró díẹ̀. Ibí yìí gan-an ni kò yẹ kéèyàn ti ṣọ́wó ná.

Ilẹ̀ ẹbí ni ẹ rà. Lójú òfin, bí olórí ẹbí, ìyẹn mọ̀gàjí, kò bá sí nínú títà náà, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá, iye yòówù kí ẹ san. Bó bá jẹ́ pé mọ̀gàjí tà á ṣùgbọ́n tí àwọn àgbà ẹbí ò lọ́wọ́ sí i, wọ́n ṣì lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n ní kí wọ́n fagi lé e. Ọmọ ẹbí kan ṣoṣo tó buwọ́ lùwé, ó lè jẹ́ ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n kò lè dá tà á. Ẹ padà lọ bá wọn pẹ̀lú lọ́yà, nísinsìnyí tí ilẹ̀ ṣì jẹ́ koríko. Ẹ jẹ́ kí mọ̀gàjí àti àwọn aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan buwọ́ lùwé, kí wọ́n ya fọ́tò. Bí ilé bá ti dìde tán, owó tí wọ́n máa béèrè kí wọ́n tó buwọ́ lù ú kò ní jẹ́ ti koríko mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá sàfẹ́yọ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ ẹ̀ kọjá kó ri òpó mọ́lẹ̀. Òun ló máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà. Ibi tí ìjọba bá ti yà sọ́tọ̀, rísíìtì ẹbí ò ní gbà yín níbẹ̀. Ẹ sì gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ilé tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ẹ̀, ayálégbé tó gbọ́n ò ní wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ìwé àdéhùn pẹ̀lú ayálégbé. Ọ̀pọ̀ onílé ní kò pọn dandan, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu tó. Nígbà tó bá dé ojú ẹ̀, ẹni tó ń san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan, bí kò bá sí àdéhùn tó sọ nǹkan mìíràn, ìwé oṣù mẹ́fà ni ẹ gbọ́dọ̀ fún un kí ẹ tó lè ní kó jáde. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìwé ọjọ́ méje tó sọ pé ẹ ń lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Ẹ lè fẹnu kò lórí àkókò tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú àdéhùn. Ẹ má yọ ilẹ̀kùn, ẹ má ká páànù, ẹ má ti géètì mọ́ ọn o. Ó lè pè yín lẹ́jọ́, ẹ̀yin ni ẹ ó sì san owó fún un.

Adùkẹ́_Òròkí

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí fún ọkọ mi. Ó dákẹ́, ó wá ní ká lọ bá mọ̀gàjí lọ́sẹ̀ yìí.

Ayálégbé_Òkè_Báálẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń san owó ilé náà sọ tẹnu mi. Àwọn onílé máa ń bi ara wọn nípa ohun tí ayálégbé ń fẹ́, wọn kì í bi ayálégbé.

Omi ni àkọ́kọ́. Mo ti fi yàrá tó ní táìlì dídán àti POP sílẹ̀ rí, mo kó lọ síbi tí ilẹ̀ ẹ̀ jẹ́ símẹ́ǹtì lásán, nítorí pé omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ níbẹ̀ láràárọ̀. Iná ló tẹ̀ lé e. Kí olúkúlùkù ní mítà tirẹ̀. Mítà kan fún yàrá mẹ́fà, ìjà oṣooṣù ni: ẹni tó ní fíríìjì, ẹni tí kò sí nílé, ẹni tó ń fi iná se ẹ̀wà. Ẹ sì béèrè irú Band tí àdúgbò náà wà, ìyẹn ìpele wákàtí tí iná fi ń wà lójúmọ́. Band A tí wọ́n ní kò ní dín ní wákàtí 20 lójúmọ́, ₦225 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún yúníìtì kan lóṣù kẹrin ọdún 2024. Àwọn kan nínú wa ń wá a lójú méjèèjì, àwọn mìíràn ò lágbára ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ ká tó sanwó.

Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. Ẹ ṣe ibi tá a máa sá aṣọ sí. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà nínú ilé ìdáná, kódà bó kéré. Ìwọ̀nyí ò wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ló ń mú kí èèyàn san owó ọdún kejì.

Tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ tètè tún un ṣe. Páìpù tó ń jò díẹ̀ tí mo sọ fún onílé mi àtijọ́, ó ní kí n ní sùúrù. Nígbà tó fi máa dá mi lóhùn, ògiri yàrá kejì ti rin gbingbin, káfíńtà àti bíríkìlà ló wá bá pulọ́ńbà níbẹ̀.

Pulọ́ńbà_Sábó

Ọmọ yìí sọ òótọ́. Owó rọ́bà kékeré ló máa ń di owó ògiri.

Adùkẹ́_Òròkí

Bí omi bá ṣe pàtàkì tó báyìí, kànga ni ká gbẹ́ àbí bọ̀hóòlù? Owó méjèèjì jìn síra.

Bíríkìlà_Àgbà

Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá lómi, kànga tó dáa tí ẹ da kọnkéré bò lórí, tí ẹ̀rọ ń fà á sínú táǹkì, á gbé yàrá mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ bá gbẹ́ ẹ ṣe pàtàkì. Ẹ gbẹ́ ẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lóṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ jù. Omi tí ẹ bá bá nígbà yẹn, á wà lọ́dún yípo. Agbẹ́kànga tó bá gbẹ́ tiyín lóṣù kẹsàn-án á tètè bá omi, á gbowó, á lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn á dé, ayálégbé yín á máa gbé kẹ́ẹ̀gì kiri àdúgbò.

Ilẹ̀ yín gùn ní nǹkan bíi mítà 30, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 15. Kànga àti sókàwéè gbọ́dọ̀ jìnnà síra tó mítà 30. Ẹ rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe: kànga á wà lórígun iwájú pátápátá, sókàwéè lórígun ẹ̀yìn ní òdìkejì. Kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, ẹ wo ibi tí sókàwéè aládùúgbò wà náà. Bó bá sún mọ́ ọ̀dọ̀ yín, ẹ fi kànga sílẹ̀, bọ̀hóòlù tó jìn tí wọ́n dí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dáadáa ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì mọ ohun tí omi bẹ́ẹ̀ ń gbé wá sí ọsibítù jù mí lọ.

Ní ti ilẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá. Òṣogbo yìí, ẹ̀bá odò la ń gbé. Ẹni tó bá mọ Gbódòfọn tàbí ẹ̀bá Ọ̀ṣun kò ní bi mí léèrè. Ilẹ̀ tó gbẹ táútáú lóṣù kìíní lè jẹ́ ọ̀nà omi. Kò sí èèpẹ̀ tí ẹ máa kó dà síbẹ̀ tó máa tó.

Ọmọ_Ìgbóǹná

Èmi náà ní ìbéèrè. Wọ́n fẹ́ ta ilé àtijọ́ kan fún mi lágbègbè Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́, yàrá mẹ́jọ ojúkojú. Owó ẹ̀ kéré sí ti kíkọ́ tuntun. Kí n rà á kí n tún un ṣe?

Bàbá_Ayétòrò

Ìwọ, mo bẹ̀ ẹ́, béèrè àwọn tó ni ín ná. Ilé àtijọ́ ní àárín ìlú kì í ní ẹnì kan ṣoṣo. Bàbá kan ló kọ́ ọ, àwọn ìyàwó ẹ̀ bímọ, àwọn ọmọ bí ọmọ, àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan wà ní òkè òkun, kò sẹ́ni tó rántí ilé náà títí ìwọ fi kun ọ̀dà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa dé.

Bíríkìlà_Àgbà

Bí ìwé ẹ̀ bá mọ́, lọ wo ẹsẹ̀ ògiri. Bí símẹ́ǹtì bá ń bọ́ sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, omi ń gun ògiri láti ilẹ̀ nìyẹn, ọ̀dà ò ní wò ó sàn. Ògiri alámọ̀ tí ò rin sí lágbára, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n gígé e láti fi ṣe ilé ìwẹ̀ sínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni ibi tí owó ń bá lọ. Bó bá jẹ́ pé yàrá lásán lo fẹ́ fi yáni, pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ méjì tó mọ́ lẹ́yìn, ó lè dáa fún ẹ. Bó bá jẹ́ self-contain lo fẹ́ sọ ọ́ dà, ra ilẹ̀ òfìfo.

Ìyá_Aláṣọ_Ọjà_Ọba

Mo ń bá ọmọ mi tó wà lẹ́yìn odi mójú tó ilé fúlátì mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀nba kan kún un. Owó ilé tó bá wọlé, ẹ má ná gbogbo ẹ̀. Mo máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, mo sì ń dá a sí àjọ ọ̀tọ̀ tí kò bá owó ọjà mi pàdé. Bí páànù bá ṣí, mi ò ní sáré kiri.

Ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú, ọdọọdún lẹ máa tún un kùn. Èyí tó ṣeé fi aṣọ tútù nù wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ayálégbé méjì lè lò ó kọjá. Táìlì ilé ìwẹ̀, ẹ ra èyí tí ojú ẹ̀ kò dán, kí èèyàn má ṣubú. Símẹ́ǹtì, ẹ má rà á pamọ́ jù nítorí ìbẹ̀rù owó. Bó bá ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta, ó ti ń dì. Àwa mẹ́rin ládùúgbò dá owó ra tírélà kan, àpò 600, a pín in láti orí ọkọ̀. Ó dín sí ti ìsọ̀ dáadáa, kálukú sì lo tirẹ̀ láàárín oṣù kan.

Ejẹ́ńtì wúlò fún ẹni tí kò sí nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òṣogbo, tí ẹ mọ èèyàn ní ọsibítù àti ní Àbẹ̀rẹ̀, ẹ lè wá ayálégbé fúnra yín. Ẹ kàn béèrè nípa ẹni náà lọ́wọ́ onílé tó ti gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè yẹn ò náni lówó, òun ló sì ń gbà mí jù.

Oníṣirò_Owó

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rísíìtì kún un. Láti oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ayálégbé tó ń san owó-orí lè yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó-orí lé, kó má ti kọjá ₦500,000. Nítorí náà, àwọn òṣìṣẹ́ oṣù á máa béèrè rísíìtì tó ní orúkọ àti iye. Ẹ fún wọn. Ẹ̀yin náà, èrè orí ilé yín máa wọ ìṣirò mọ́ owó oṣù, kìkì ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún ni kò ní owó-orí. Ẹ tọ́jú rísíìtì àtúnṣe gbogbo, torí owó tí ẹ fi tún ilé ṣe kì í ṣe èrè. Ẹni tí kò ní ìwé, gbogbo owó tó wọlé ni wọ́n máa kà sí èrè fún un.

Adùkẹ́_Òròkí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tá a fẹnu kò sí. Báńkì, a ti ní rárá. Ọkọ mi ló fúnra ẹ̀ ṣírò ₦1,680,000 yẹn lẹ́ẹ̀kejì, kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Lọ́yà àti mọ̀gàjí ni owó àkọ́kọ́ máa lọ fún, lẹ́yìn náà sàfẹ́ àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ìpìlẹ̀ mẹ́rin, ká parí méjì, ilé ìwẹ̀ á kọ ẹ̀yìn síra, òrùlé ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì. Yàrá kan fún akẹ́kọ̀ọ́, èkejì fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Mo ti ní ọmọbìnrin kan lọ́kàn ní wọ́ọ̀dù wa tó ń ti ìlú mìíràn wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Bíríkìlà, ìbéèrè kan ló kù. Méjì tá ò ní tíì parí ńkọ́? Ṣé ká gbé ògiri wọn dé ibi fèrèsé ni, àbí ká fi í sílẹ̀ nílẹ̀?

Bíríkìlà_Àgbà

Ẹ fi í sílẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n da kọnkéré ilẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa, kó dúró síbẹ̀. Ògiri tó bá dé ibi fèrèsé láìlórùlé, òjò á máa rọ̀ lé e, ẹ ó sì tún náwó rẹ́ ẹ. Ilẹ̀ kọnkéré ò ní ṣe nǹkan kan. Àwọn ayálégbé méjì àkọ́kọ́ lè máa sá aṣọ lórí ẹ̀. Ní ti ògiri tó wà láàárín yàrá tó parí àti èyí tó kù, ẹ sọ fún ẹni tó máa kọ́ ọ kó fi eyín búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ kó yọ síta, kí tuntun lè wọnú àtijọ́ nígbà tó bá yá. Bí kò bá fi í sílẹ̀, ibẹ̀ ló máa là. Kí ẹ sì fi páìpù omi àti ti ìdọ̀tí sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin báyìí, kí wọ́n dí ẹnu wọn, kí ẹ má baà fọ́ kọnkéré lọ́jọ́ iwájú.

Pulọ́ńbà_Sábó

Íńṣì 4 ni kí páìpù ìdọ̀tí jẹ́ o, èyí tó nípọn. Ẹ ya fọ́tò ibi tí ẹ gbé e gbà kí wọ́n tó bò ó.